Nígbà Tí Wọ́n Bá Ká Kánópì Tán

Òkú àgbà ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ onífídíò nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbéyàwó ní àsìkò tirẹ̀, ìsọmọlórúkọ kì í fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé, ṣùgbọ́n agbára káká ni oṣù kan fi máa kọjá tí bàbá àgbà kan tàbí ìyá àgbà kan kò ní papò dà ládùúgbò. Àìsùn ní Ọjọ́bọ̀, ìsìn ìdágbére lọ́jọ́ Ẹtì, ìnáwó títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí kámẹ́rà kì í béèrè ibi tó yẹ kó dúró sí. Ó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni nígbà tí pósí bá ń wọlé, pé ẹ̀bá sàréè ni nígbà tí àkọ́bí bá fẹ́ bu erùpẹ̀, pé iwájú onílù ni nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé bá ń jó bọ̀ nínú aṣọ ẹbí.

Tí fídíò náà bá jáde, ó lè tó wákàtí 2 tàbí 3. Dúróònù á kọ́kọ́ fò lórí kánópì kí ayé lè rí bí èrò ṣe pọ̀ tó. Orúkọ àwọn ọmọ àti oyè wọn á máa yọ níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló kan ìjókòó àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn, ìgò orí tábìlì, owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí, olórin tó ń ki oníkálukú. Opó ńkọ́? A ó rí i lẹ́bàá sàréè, ó dorí kodò, àbúrò rẹ̀ dì í mú lápá. A ó tún rí i nígbà tí alága ìjókòó bá ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà wá sọ́dọ̀ màmá, tí màmá á gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ jó. Kò tún sí nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́.

Kò sí ẹbí tó ń bá onífídíò jà nítorí èyí. Wọ́n sanwó kó lè hàn pé àwọn sin bàbá àwọn dáadáa, ó sì hàn. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ìnáwó òkú àgbà ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń kó ẹbí tó ti fọ́n ká jọ, ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé èèyàn ni bàbá àwọn láwùjọ, ó sì ń fún opó ní ọjọ́ mẹ́ta tí ilé kò ní ṣófo. Ẹni tó bá ń bú irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ilé tí wọ́n ti sìnkú láìsí ẹni tó yà kí wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀sẹ̀ kẹta àti oṣù kẹta, nígbà tí wọ́n ti ká kánópì, tí ẹni tó ń yáni ní àga ti kó àga rẹ̀ lọ, tí àwọn tó ti Èkó wá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ìgbà náà ni opó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ríbi jókòó, onífídíò sì ti wà níbi òkú mìíràn.

Àwọn kan wà lára àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ fídíò tí wọ́n máa ń dán ọmọ iṣẹ́ wò báyìí: wọ́n á ní kó fọkàn ro ẹgbẹ́ kan tí kò sí níbì kankan, ẹgbẹ́ tí ń dúró ti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kó sì ṣe fídíò ìṣẹ́jú 3 tí ẹgbẹ́ náà lè fi pe àwọn èèyàn. Kò sí oníbàárà. Kò sí alága tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Kò sí ẹbí tó máa pè lóru pé àwọn kò rí Olóyè Lágbájá nínú fídíò. Ó dà bí iṣẹ́ tó rọrùn, àmọ́ òun ló ń tú àṣírí oníṣẹ́ jù, nítorí pé tí a bá yọ gbogbo àwọn tó ń sanwó kúrò, ẹni tí fídíò ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ló kù.

Ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sábà ń gbé wá kò ju oríṣi méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni àbẹ́là, dùùrù tó ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àti arẹwà obìnrin kan tó ń wo òjò láti ojú fèrèsé. (Ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ lára wa gbé dàgbà, tí òjò bá ṣú, aṣọ orí okùn làá sáré lọ ká, ọ̀fọ̀ tàbí àìsí ọ̀fọ̀.) Èkejì ni ti òkú àgbà tí a sọ níṣáájú, dúróònù àti kánópì, tí wọ́n wá fi ohùn adùnyùngbà bò mọ́lẹ̀. Wọ́n wo àkọ́kọ́ kọ́ lára òyìnbó, wọ́n kọ́ èkejì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá wọn. Èwo nínú méjèèjì ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ní oṣù tó kọjá máa wò tí á sọ pé, òun rèé?

Kámẹ́rà kọ́ ló kọ́kọ́ gbé olóògbé padà wá síwájú àwọn tó fi sílẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, fún àwọn èèyàn pàtàkì, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó, ère tó ga tó èèyàn tó sì jọ olóògbé, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e káàkiri ìlú kí wọ́n tó sin òun náà. Ní ibòmíràn, egúngún ló máa ń jáde lẹ́yìn ìsìnkú, tí á fi ohùn ará ọ̀run kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, tí á sì ṣàdúrà fún wọn. Samuel Johnson mẹ́nu ba irú rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Àwọn tí wọ́n ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ̀ pé igi ni àkó, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnì kan ló wà nínú ẹ̀kú. Ìmọ̀ yẹn kò dí ìtùnú lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ti ìbejì ló yẹ kí gbogbo ayàwòrán mọ̀. Ní 1975, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún láti wo bí àwọn ayàwòrán ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Olùwádìí mìíràn, Marilyn Houlberg, ti kọ̀wé nípa ère ìbejì nínú ìwé àtìgbàdégbà kan náà ní 1973. Ohun tí wọ́n bá pàdé nìyí. Ọ̀kan nínú ìbejì kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn. Ìyá wọn á gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò á ya ọmọ kan ṣoṣo yìí, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó lè dà bí ọmọ méjì tó jókòó ti ara wọn. Tí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Ní ilé mìíràn, fọ́tò yìí ló wá gba ipò ère tí àwọn ìyá ń wẹ̀ tí wọ́n sì ń wọ̀ láṣọ láyé àtijọ́.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, tó bá wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dáadáa, á wá ibi tí wọ́n ti so apá ọ̀tún mọ́ apá òsì. Ìyá náà kò wá a. Ó mọ̀ pé ọmọ kan ló gbé wá, ọmọ kan náà ló gbé padà sílé, onífọ́tò kò sì parọ́ fún un pé èyí tó lọ ti dé. Ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ojú méjì tó lè máa wò pọ̀, nítorí pé ìyá ìbejì ni, ikú ọ̀kan kò sì gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Onífọ́tò tó wà ní ìlú kékeré, tí kò ka ìwé kankan lórí ìtùnú, ló ṣe èyí. Èèyàn lè máa ronú nípa rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: ó gba owó tirẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sọ fún obìnrin náà rárá pé kó gbàgbé.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ fídíò òde òní ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà ayé téèpù VHS, tí oníkámẹ́rà ń gbé ẹ̀rọ tó wúwo sí èjìká, téèpù kò pọ̀, iná kò sí, ẹni tó sanwó ló ń sọ ibi tí kámẹ́rà á kọjú sí. Kámẹ́rà wá kọ́ láti tẹ̀ lé owó. Nísinsìnyí tí fóònù kékeré lè gba ohun tó pọ̀ ju ti téèpù ìgbà yẹn lọ, àṣà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Òkú ọ̀fọ̀ kì í sì í ní fídíò rárá. Tí ọmọ bá kú lójú òbí, a kì í pe onílù. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló máa sáré sìnkú, lọ́jọ́ kan náà tí ó bá ṣeé ṣe. Òbí kò ní lọ síbi sàréè, nínú ọ̀pọ̀ ilé wọn kò ní fi ojú oórì hàn wọ́n. Àwọn ẹbí á kó aṣọ ọmọ náà lọ, wọ́n á yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, torí kí ìyá má baà máa rí i. Àánú ló fa èyí, kì í ṣe ìkà. Àmọ́ àwọn àgbà kan náà ló ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Kí ló mú ti ikú sàn? Ojú oórì wà níbẹ̀, èèyàn mọ ibi tí ọmọ òun wà, ó rí òpin rẹ̀. Ìyá tí kò rí òkú, tí kò mọ ojú oórì, tí kò sì ní fọ́tò kankan mọ́, ọmọ tirẹ̀ kú ni, àbí ó nù? Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ jù, tí ẹgbẹ́ olùtùnú máa kọ́kọ́ wá, ni àwọn tí àṣà wa ti pa kámẹ́rà mọ́ lójú wọn.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù onífídíò kan, lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ kú. Kò wá ṣe òkú, kò wá ṣe ọjọ́ ìbí. Ó gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù náà ló ya ayẹyẹ ìparí ọdún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n wá téèpù náà títí, ó ti hu lápá kan, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ náà wà nínú ìlà àwọn tó ń jó, ó wọ ṣòkòtò tó gùn jù ú lọ, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kí ijó má baà dàrú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kọjá lójú kámẹ́rà. Ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, nítorí inú rere, fẹ́ fà á gùn kí ó lè máa lọ díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́ fi orin sí i. Ìyá náà ní rárá. "Ẹ bá mi fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀yin ọmọ mi. Bó ṣe máa ń rìn nìyẹn."

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni nípa fídíò ọ̀fọ̀, bóyá ni ẹ̀kọ́ kan wà tó tó gbólóhùn yẹn.

Ọdún 2020 tún ṣí ojú àwọn oníṣẹ́ yìí sí nǹkan. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba Èkó fi òté lé àpéjọ, Ìjọba Àpapọ̀ ti Èkó pa láti ọgbọ̀njọ́ oṣù náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti ti ìlú pa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston sin ìyá wọn lórí Zoom. Onífídíò tó ti mọ́ lára láti máa wá èrò kò rí èrò yà. Ẹbí mélòó kan ló dúró yí sàréè ká pẹ̀lú ìbòmú. Àwọn tó wà lókè òkun ni wọ́n wá ń darí kámẹ́rà: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ojú màmá." "Ẹ má tíì gbé e kúrò níbẹ̀." Obìnrin kan ní kí wọ́n gbé fóònù wọ yàrá tí ìyá rẹ̀ ń sùn, kí wọ́n gbé e sórí àga, kí gbogbo wọn sì jáde. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, wọ́n tún pè, ó tún jókòó ti yàrá náà. Kò sí onífídíò tó máa rò ó láéláé pé yàrá òfìfo jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè sanwó láti wò. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí ẹni tó ń sunkún fẹ́ rí kò bá tiwa mu, ìyẹn ni a kò mọ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà ni gbogbo ayé ń fi fídíò àwọn ọkùnrin Gánà tó ń gbé pósí jó ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ kékeré mọ orin rẹ̀. Ta ló béèrè ẹni tó wà nínú pósí?

Àwọn tó fẹ́ ṣe fídíò fún ẹgbẹ́ olùtùnú máa ń lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun, kò sì burú, nítorí pé àwọn yẹn ti pẹ́ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Margaret Torrie dá ẹgbẹ́ Cruse sílẹ̀ ní 1959, àwọn opó ló sì kọ́kọ́ wà fún. Ní Amẹ́ríkà, Dougy Center ti wà ní ìlú Portland láti 1982 fún àwọn ọmọdé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ohun tó ń ṣi àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́nà ni ìpele márùn-ún tí Elisabeth Kübler-Ross kọ nípa rẹ̀ ní 1969: kíkọ̀, ìbínú, ẹ̀bẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì, gbígbà. Wọ́n á fi ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe ìran kan, obìnrin á sunkún ní ìran kìíní, á rẹ́rìn-ín músẹ́ ní ìkarùn-ún. Bẹ́ẹ̀, àwọn aláìsàn tó ń kú lọ ni Kübler-Ross jókòó tì tó fi kọ ìwé yẹn. Àwọn tí ikú fi sílẹ̀ kò gun àkàbà kankan. Ní 1996 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Klass, Silverman àti Nickman, gbé ìwé kan jáde tó sọ pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í já okùn tó so ó mọ́ olóògbé, pé ó ń bá a gbé ní ọ̀nà mìíràn ni. Ilé tó ti sọ ọmọ ní Babátúndé, tó ti sọ ọmọ ní Yétúndé, kò nílò ìwé kó tó mọ èyí.

Síbẹ̀ ọ̀fọ̀ kan máa ń kọjá agbára ẹbí. Ìlànà àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2022 ti ka ọ̀fọ̀ tó le tí kò sì fuyẹ́ lẹ́yìn oṣù 6, tó kọjá bí àṣà ẹni náà ṣe ń ṣọ̀fọ̀, mọ́ ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ohun tí ìlànà yẹn fi kún un nípa àṣà ló ṣe pàtàkì fún onífídíò. Obìnrin tó ń bá fọ́tò ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kò ya wèrè, a kò sì gbọdọ̀ yà á bíi wèrè.

Bàbá kan wà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kú ní yunifásítì. Ó gba fóònù ọmọ náà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ yòókù. Ẹnì kan sọ fún un pé tí wọn kò bá lo láìnì fún oṣù 6, iléeṣẹ́ lè tì í pa, kí wọ́n sì padà gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, ó ń gba agbára sí fóònù náà, ó ń fi owó káàdì sí i, ó sì ń fi pe fóònù tirẹ̀. Orúkọ ọmọ á yọ lójú fóònù bàbá. Kì í gbé e títí tó fi máa fẹ́ já, á wá gbé e kí owó lè lọ lórí rẹ̀, kí láìnì má baà kú. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, kò sì bá a sọ ọ́.

Ó sọ èyí fún ẹni tó wá bá a sọ̀rọ̀ fún fídíò kan, kámẹ́rà sì ń gba ohùn. Irú ìran tí gbogbo onífídíò ń wá kiri nìyí: ìṣẹ́jú kan péré, kò fẹ́ àlàyé, ẹni tó bá rí i kò ní gbàgbé. Ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí máìkì ti ń wo ọ̀gá rẹ̀ bóyá kí àwọn ní kí bàbá pè é kí àwọn yà á. Ọ̀gá rẹ̀ kò ní kó pè é. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ fẹ́ ya yìí, ọ̀nà tí bàbá fi ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Tí ó bá ti pè é fún kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, bóyá ìgbà mìíràn tó bá pè é, kámẹ́rà ló máa rántí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Àwọn kan nínú iṣẹ́ yìí máa sọ pé ìpinnu yẹn ba fídíò jẹ́, pé ìran yẹn ì bá ran ẹgbẹ̀rún bàbá mìíràn lọ́wọ́. Wọ́n lè jàre. Fún fídíò ẹgbẹ́ tí kò sí, tí òṣèré ló máa kó ipa bàbá, ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀: kí orúkọ yọ lójú fóònù lórí tábìlì, kí ọwọ́ má tètè dé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

Òṣèré tiwa ló tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Tíátà àti fíìmù Yorùbá ti kọ́ wọn pé tí ikú bá dé, kí wọ́n wó lulẹ̀, kí wọ́n ká ọwọ́ lérí, kí wọ́n pe orúkọ òkú títí ohùn á fi há. Ó dára nínú eré. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹkún ọjọ́ ìsìnkú ní tirẹ̀, gbogbo ilé ló ń sun ún. Ẹni tí ẹgbẹ́ olùtùnú ń wá ti sunkún yẹn tán. Ó ti padà sọ́jà. Ó ń dá èèyàn lóhùn pé a dúpẹ́. Nígbà tó bá ń wọn ìrẹsì lálẹ́, ó ti wọn ti ẹni mẹ́rin kó tó rántí pé mẹ́ta ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ti gbọ́ ọ pé kó ṣe ọkàn akin, pé Ọlọ́run ló fún un, Òun náà ló gbà á, pé kó wo ti àwọn ọmọ tó kù, pé ẹlòmíràn ti rí èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òtítọ́. Ẹyin ni ohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́, a kò sì mọ èwo nínú wọn ló ti fọ́ sínú ilé tí fídíò wa ń wọ̀ lọ. Àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ́ ti rí i pé kíkí tí àwọn ìyá wa ń kí ara wọn, ẹ kú ará fẹ́ra kù, tó ń ti ẹnu aládùúgbò jáde láìsí ìwàásù lẹ́yìn rẹ̀, máa ń wọlé ju gbogbo ìmọ̀ràn lọ. Ènìyàn laṣọ mi. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, tó ní kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí ní àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ohun tó tẹ̀ lé nìyẹn.

Ilé kan tún wà tí kò ní gba ẹnikẹ́ni tó wá kí wọn láyè láti béèrè ohun tó pa olóògbé: ilé tí ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Òfin Ìwà Ọ̀daràn, ní abala 327, ti ka ìgbìyànjú láti para ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 1, ìtìjú sì ti wà ṣáájú òfin. Fídíò tó bá fi ohun tí ẹni náà lò hàn, tàbí tó sọ ọ́ lẹ́nu, lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ fún àwọn oníròyìn nípa rẹ̀. Ó tó kí òṣèré sọ pé ọmọ òun kú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á gbọ́ èyí tó kù.

Ti àwọn Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ sọnù nínú irú fídíò yìí. Lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti sìnkú kí onífídíò tó gbọ́. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni èrò máa ń pé jọ sí, opó sì ń jókòó oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Fídíò tó bá jẹ́ pósí àti aṣọ dúdú nìkan ló wà nínú rẹ̀ ti yọ ìdajì ìlú sílẹ̀.

Ní ti ìyọ̀ǹda, Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023, fún èèyàn láṣẹ láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí òfin tó dé. Wọ́n ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì: lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, àti nígbà tí ogójì ọjọ́ bá ti kọjá, nítorí pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń yára lọ́sẹ̀ kìíní lè má fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn rẹ̀ ní oṣù kejì. Àwọn kan ti sọ rárá ní ìgbà kejì. Wọ́n pa á rẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ kan ṣe fídíò tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ àfọkànrò yìí, ó dára, kò ní àbẹ́là. Nítorí pé fídíò ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà lópin, ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i. Ó gbé e sí WhatsApp kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i, àwọn ọ̀rẹ́ náà fi ránṣẹ́ síwájú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí pè é, ó ń béèrè ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ń pàdé, bóyá àwọn tó ti pẹ́ tí ọmọ wọn ti kú náà lè wá. Ọmọ iṣẹ́ náà di ẹ̀rọ mú, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kó sọ òtítọ́ fún un, kó sì béèrè orúkọ ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà sọ orúkọ ọmọ, ó sì sọ púpọ̀ sí i. Ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní ibi ìkọ́ṣẹ́ yẹn, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà fún iṣẹ́ yìí kó tó wá ẹnì kan tó wà lóòótọ́: nọ́ọ̀sì, àlùfáà, pásítọ̀, tàbí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ní ilé ìwòsàn, tó ti gbà pé wọ́n lè darí ẹni tó bá pè sọ́dọ̀ òun. Gbólóhùn tó sọ pé àpẹẹrẹ lásán ni ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀rẹ̀ àti lópin, kó dúró lójú tó ìgbà tí arúgbó tó ń wá awò ojú rẹ̀ á fi kà á tán, kí ohùn sì kà á jáde fún ẹni tí kò mọ̀wé.